Bí A Ṣe Ń Ṣètò QoS Sórí Ráútà Ilé, Kí Ìpè Má Baà Máa Já Nígbà Tí Ẹlòmíràn Bá Ń Lo Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn yára dáadáa lójú ìdánwò, síbẹ̀ tí ìpè kì í lọ geere. Ẹ ṣe ìdánwò, ó gbé 20 Mbps jáde (mẹ́gábíìtì 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín ní London lórí WhatsApp, ohùn wọn ń já wẹ́wẹ́, àwòrán wọn dúró gbagidi. Ẹ kàn sí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, wọ́n ní kí ẹ ra èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ẹ rà á, ìpè ṣì ń já. Kí a tó fọwọ́ kan ráútà rárá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nínú púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tó. Ìlà àwọn dátà tó ń dúró de ìgbà tiwọn ló gùn jù, ìpè yín sì wà lẹ́yìn pátápátá.

QoS ni ètò tó ń sọ fún ráútà bí yóò ṣe máa tú ìlà yẹn: ta ni kó kọ́kọ́ lọ, ta ni kó sún díẹ̀, mélòó ni kí ẹnì kan gbà lẹ́ẹ̀kan. Kò lè fi ohunkóhun kún ìyára tí ẹ rà. Kódà, ẹ óò yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè, kíláàsì orí Zoom àti géèmù kò ní máa dúró de fídíò tí ẹlòmíràn ń gbé lọ sórí Google Photos mọ́.

Ibi tí ìdíwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo ìdílé kan tó ti òde ìnáwó dé ní alẹ́ Sátidé. Fóònù mẹ́rin ni, fídíò sì kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àwọn fóònù náà ti rí Wi-Fi ilé báyìí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò lọ sí Google Photos tàbí iCloud, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ká ní ìyára dátà tó ń jáde nílé náà jẹ́ 2 Mbps, tí módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó so ilé mọ́ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, sì ní àyè tí mẹ́gábáìtì kan lè dúró sí. Mẹ́gábáìtì kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 8. Bí ọ̀nà bá ń gbé 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 4 ni àyè yẹn yóò gbà kó tó tú tán. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ sínú ìpè lásìkò náà yóò wà nílé fún ìṣẹ́jú àáyá 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, fi lélẹ̀ nínú ìlànà wọn tí wọ́n ń pè ní G.114 pé tí ohùn bá ti ń pẹ́ ju mílísẹ́kọ́ńdù 150 lọ kó tó dé etí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìtàkùrọ̀sọ lọ́wọ́. Tó bá ti kọjá 400, kò dára mọ́. Mílísẹ́kọ́ńdù jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá fi 4,000 wé 150.

Ohùn fúnra rẹ̀ kò sì gbà ju bín-ín-tín lọ. Zoom kọ ọ́ pé ìpè olóhùn nìkan ń lo 60 sí 80 kbps (1,000 kbps ló wà nínú 1 Mbps), ìyẹn kò tó ìdá kan nínú ogún 2 Mbps. Àyè wà fún un lójú ọ̀nà. Ìlà ni kò jẹ́ kó ráyè kọjá.

Jim Gettys, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló pariwo ọ̀rọ̀ yìí síta láàárín 2010 sí 2011, lẹ́yìn tó rí i lórí ìsopọ̀ ilé ara rẹ̀. Bufferbloat ló pè é. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ọ̀nà ìtúlà kan jáde tí wọ́n sọ ní CoDel, Eric Dumazet sì fi fq_codel, tó jáde láti ara CoDel, sínú Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà, lọ́dún yẹn kan náà. Dave Täht lo ọ̀pọ̀ ọdún láti rí i pé iṣẹ́ náà dé inú ráútà àwọn èèyàn lásán bíi tiwa. CAKE, tó tún gbòòrò ju fq_codel lọ, wọ inú Linux 4.19 ní 2018. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ọkàn mi nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ìpè tó mọ́ gaara nílé tí ọmọ mẹ́ta ti ń wo fídíò.

Bí fq_codel àti CAKE ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ẹ rò ó bí ìlà ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì 30 wá, ẹlòmíràn gbé ife kan ṣoṣo wá. Bí a bá ní kí oníkẹ́ẹ̀gì pọn gbogbo rẹ̀ tán ká tó dá onífe lóhùn, ilẹ̀ á ṣú. Ṣùgbọ́n bí oníkẹ́ẹ̀gì bá pọn ọ̀kan, kí onífe bu tirẹ̀ kó máa lọ, kí oníkẹ́ẹ̀gì tún wá pọn òmíràn, onífe kò ní pẹ́ níbẹ̀, oníkẹ́ẹ̀gì náà kò sì ní pàdánù ohun tó pọ̀. Ìpè ni onífe. Google Photos ni oníkẹ́ẹ̀gì.

Nǹkan kan ṣoṣo ló lè sọ gbogbo èyí di asán: tí ìlà náà kò bá sí lọ́dọ̀ ráútà yín. Ráútà kò lè tún ìlà tó wà nínú módẹ́ẹ̀mù ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tún èyí tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Nítorí náà ẹ óò sọ fún un pé kó máa rán dátà lọ ní ìwọ̀n tó dín díẹ̀ sí ohun tí ọ̀nà lè gbé. Níwájú, ọ̀nà á ṣófo díẹ̀. Ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ ráútà tiyín tó mọ bí a ṣe ń túlà, ni ìlà á kóra jọ sí. Ẹni tó bá mú èyí nìkan lò nínú gbogbo ohun tí mo kọ ti mú ìdajì iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń fi ipò àkọ́kọ́ fún fóònù kan tàbí tẹlifíṣọ̀n kan láì dín ìyára kù ló ń wá sọ pé QoS kò ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ọ̀nà yín nígbà tó dákẹ́ àti nígbà tó kún

Ẹ fi wáyà Ethernet so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà. Tí kò bá sí wáyà, ẹ jókòó sínú yàrá tí ráútà wà, kí ẹ sì lo Wi-Fi 5 GHz. Wi-Fi tó ń gba inú ògiri mẹ́ta kọjá ní ìṣòro tirẹ̀; tí ẹ bá fi í wọn, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Ẹ ní kí àwọn ará ilé sinmi díẹ̀, kí ẹ lọ sí fast.com. Tó bá ti kà tán, ẹ tẹ "Show more info". Lábẹ́ Latency, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì: Unloaded ni bí dátà ṣe ń pẹ́ tó ní àlọ àti àbọ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣófo, Loaded ni bó ṣe ń pẹ́ tó nígbà tí ọ̀nà kún. Bí Unloaded bá jẹ́ 40 ms (mílísẹ́kọ́ńdù 40), tí Loaded sì jẹ́ 60 tàbí 70, ìlà yín kò gùn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ibòmíràn ni kí ẹ ti wá ìṣòro. Bí Loaded bá fò dé 400 tàbí 900, ìṣòro tí QoS ń wò gan-an ni ẹ ní.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà kejì jù, torí pé ojú ni ẹ óò fi rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ ping -t 8.8.8.8, ẹ tẹ Enter. Ping ń wọn bí dátà ṣe ń pẹ́ tó ní àlọ àti àbọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ní àkókò tó lò lára: time=42ms, time=45ms, time=41ms. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ní kí ẹnì kan gbé fídíò ńlá kan sórí Google Drive láti orí fóònù rẹ̀. Nílé tí ìlà bá ti gùn, ẹ óò rí i kedere: time=310ms, time=780ms, time=1450ms, lẹ́yìn náà "Request timed out". Bí ẹni yẹn bá ti dá fídíò dúró, nọ́ńbà á sọ̀kalẹ̀ padà sí 40. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú C láti pa á. Ẹ pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó, nítorí á yé wọn ju àlàyé kankan lọ.

Ẹ tún ìdánwò ìyára ṣe ní àárọ̀ kùtùkùtù, ní ọ̀sán, àti láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ Download àti Upload sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Download ni èyí tó ń wọlé, Upload ni èyí tó ń jáde. Nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ ní alẹ́ ni ẹ óò lò. Ẹ gbàgbé èyí tó ga jù lọ tí ẹ rí ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹnikẹ́ni kò ṣe ìpàdé ní wákàtí yẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọ inú ráútà

Nísàlẹ̀ ráútà, wọ́n lẹ àdírẹ́sì, orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù mọ́ ọn. TP-Link sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí tplinkwifi.net, ASUS tuntun, 192.168.50.1, MikroTik, 192.168.88.1, OpenWrt (ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá), 192.168.1.1, ọ̀pọ̀ ráútà 4G ti Huawei, 192.168.8.1. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ kọ ipconfig sínú Command Prompt: àdírẹ́sì tó wà níwájú Default Gateway ni. Ẹ kọ ọ́ sókè nínú bùráúsà.

Bí pásíwọ́ọ̀dù ìwọlé bá ṣì jẹ́ admin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wo bóyá firmware (ètò tó ń darí ráútà) tuntun wà pẹ̀lú, kí ẹ fi sí i, nítorí àtúnṣe sí QoS máa ń wá pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú QoS tó wà lọ́wọ́ yín

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń kọ sára páálí gbogbo ráútà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ gan-an.

Èyí tó dára jù ni èyí tí ẹ bá ti rí SQM (ètò tó ń dín ìyára kù, tó sì ń túlà), fq_codel tàbí CAKE nínú rẹ̀. OpenWrt ní in, MikroTik tó bá wà lórí RouterOS 7 náà ní in. Ẹ kò nílò láti to ẹnikẹ́ni sípò; ó máa ń pín ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Èkejì ni èyí tó ń ní kí ẹ to ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ sípò: High, Middle, Low, tàbí Device Priority. Púpọ̀ nínú TP-Link àti ASUS wà níbí. Ó wúlò, bí ẹ bá kọ́kọ́ fún un ní nọ́ńbà ìyára tó tọ́.

Ẹ̀kẹta ni Bandwidth Control tàbí Bandwidth Limiter, tó ń sọ pé ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdílé. Tí ẹ bá dè mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé kó má kọjá 3 Mbps, orí 3 Mbps náà ni yóò wà kódà ní ọjọ́ tí kò sí ẹlòmíràn nílé. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá ni ẹ rí, ó sàn ju kí ẹ má ní ohunkóhun lọ, pàápàá bí ẹ bá lò ó láti dín Upload fóònù tó ń gbé fídíò kù.

Ẹ óò tún rí WMM ní ojú-ìwé Wi-Fi. Láàárín fóònù àti ráútà nìkan ni ìyẹn ń ṣiṣẹ́, kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀nà tó jáde nílé. Ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn. Bí ẹ bá pa á, ìyára Wi-Fi lè lọ sílẹ̀ gidigidi.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò nọ́ńbà yín

Ká ní ní alẹ́, ẹ rí 20 Mbps fún Download àti 5 Mbps fún Upload lórí ọ̀nà fáíbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún: Download 17 Mbps, Upload 4.25 Mbps. Ọ̀pọ̀ ráútà ń fẹ́ kbit/s tàbí Kbps, nítorí náà ẹ fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀: 17000 àti 4250. Ẹ ṣọ́ra níbí gan-an. Bí ẹ bá kọ 17 síbi tó yẹ kó jẹ́ 17000, kìlóbíìtì 17 péré ni ẹ fún gbogbo ilé, ojú-ìwé kan kò ní ṣí. Bí ráútà bá sì fẹ́ Mbps, 17 ni kí ẹ kọ.

Àwọn kan máa ń bi mí pé báwo ni ráútà ṣe lè darí dátà tó ń wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ìta ló ti ń bọ̀. Bí ráútà bá rí i pé dáńlóòdù kan ti ń kọjá ààlà, ó máa ń ju díẹ̀ nínú rẹ̀ nù tàbí kó sàmì sí i. Kọ̀ǹpútà tó ń fi í ránṣẹ́ á mọ̀ pé ọ̀nà ti ń kún, á sì rọra. Nítorí náà ni ìdarí Upload ṣe máa ń mú ju ti Download lọ, òun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣe dáadáa.

Bí ẹ bá ní OpenWrt

Ẹ lọ sí System, Software, ẹ tẹ Update lists. Ẹ wá luci-app-sqm, ẹ tẹ Install. Tó bá ti wọlé, SQM QoS á yọ lábẹ́ Network. Ẹ ṣí i.

Nínú Basic Settings, ẹ fi àmì sí Enable. Ní Interface name, ẹ yan èyí tó jáde lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sábà máa ń jẹ́ wan tàbí pppoe-wan. Bí ẹ bá yan br-lan, àlọ á di àbọ̀: nọ́ńbà Download á máa darí Upload. Ẹ kọ 17000 sí Download speed, 4250 sí Upload speed. Òdo (0) níbí túmọ̀ sí pé kí SQM má fọwọ́ kan apá yẹn rárá.

Ní Queue Discipline, ẹ yan cake, kí script rẹ̀ sì jẹ́ piece_of_cake.qos. Ní Link Layer Adaptation, ẹ yan Ethernet with overhead, ẹ kọ 44. Iye yìí tóbi tó láti bo ọ̀pọ̀ irú ọ̀nà, ohun tí yóò sì gbà lọ́wọ́ yín kò tó nǹkan. Ẹ tẹ Save & Apply. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ti parí.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń fi kún un nílé tí èèyàn pọ̀ sí. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni CAKE ń kà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà. Kọ̀ǹpútà tó ń fi torrent fa fáìlì lè ṣí ìsopọ̀ 50 lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gba àyè èèyàn 50. Ẹ ṣí Advanced Configuration ní Queue Discipline, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n pè ní Dangerous Configuration. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Níbi tí wọ́n kọ ingress (dátà tó ń wọlé) sí, ẹ kọ nat dual-dsthost ingress. Níbi tí wọ́n kọ egress (dátà tó ń jáde) sí, ẹ kọ nat dual-srchost. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nílé ni yóò máa gba ìpín tó dọ́gba, ì báà ṣí ìsopọ̀ kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́, òun ló ni gbogbo ọ̀nà.

Ẹ wo Network, Firewall pẹ̀lú. Bí Hardware flow offloading bá wà ní títàn, ẹ pa á. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló ń fi dátà gbà, SQM kò sì ní rí i.

Bí ó bá jẹ́ TP-Link, ASUS tàbí irú wọn

Lórí Archer ti TP-Link, ẹ wọ Advanced, lẹ́yìn náà QoS. Lórí àwọn kan tó jẹ́ tuntun, inú HomeShield ló wà nínú áàpù Tether. Ẹ tan QoS, ẹ kọ nọ́ńbà ìdá 85 yẹn sí Upload àti Download Bandwidth. Àwọn èèyàn máa ń kọ 100 tàbí 1000 síbẹ̀ pé kí àwọn má baà dín íntánẹ́ẹ̀tì àwọn kù. Ìlà á tún padà sínú módẹ́ẹ̀mù nìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi Device Priority fún láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ tàbí fóònù tí àwọn òbí fi ń ṣe ìpè. Ẹ̀rọ kan tàbí méjì ti tó. Bí gbogbo fóònù ilé bá jẹ́ High, kò sí High mọ́.

Lórí ASUS, ẹ wọ QoS, ẹ tan án, ẹ yan Manual fún bandwidth kí ẹ lè kọ nọ́ńbà tiyín, ẹ sì gbé ìpàdé orí fídíò ṣáájú nínú Adaptive QoS.

Àkíyèsí kan wà fún gbogbo irú ráútà tó ń fi ẹ̀rọ sípò: àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ló fi ń dá fóònù mọ̀. Android àti iPhone òde òní ń lo àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiwọn gan-an lórí Wi-Fi, ó sì lè yí padà, kí ipò tí ẹ fún un sọnù. Lórí iPhone, ẹ tẹ Wi-Fi ilé yín nínú Settings, ẹ pa Private Wi-Fi Address. Lórí Android, ẹ wá Privacy nínú ètò Wi-Fi náà, ẹ yan device MAC. Wi-Fi ilé nìkan ni kí ẹ ṣe é fún. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ní ìta.

Bí ó bá jẹ́ ráútà 4G tàbí 5G tí kò ní QoS rárá

Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà wà níbí, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ti nira jù. Ẹ wá ráútà kejì tó gba OpenWrt, ẹ fi í sẹ́yìn ráútà 4G náà: wáyà kan láti ihò LAN (ti inú ilé) ti 4G sí ihò WAN (ti ìta) ti èkejì. Ẹ pa Wi-Fi ti 4G pátápátá, kí gbogbo ilé máa gba ọ̀dọ̀ ráútà kejì. Ẹ má ṣe fojú di èyí. Fóònù kan ṣoṣo tó bá ṣì wà lórí Wi-Fi iwájú á gba ẹ̀gbẹ́ SQM kọjá, á sì kún ọ̀nà fún gbogbo yín. Bí àwọn méjèèjì bá ń jẹ́ 192.168.1.1, ẹ yí ti ráútà kejì sí 192.168.10.1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé.

Ìyára 4G kì í dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ 30 Mbps ní àárọ̀, kó di 6 ní alẹ́. Bí ẹ bá kọ 25000, kò ní sí ìdarí kankan ní alẹ́. Bí ẹ bá kọ 5000, ẹ ti fi ìyà jẹ ara yín ní àárọ̀. Nílé tí ìpè ṣe pàtàkì sí, mo máa ń mú nọ́ńbà alẹ́ fún Upload, torí pé ibẹ̀ ni ìpè ti ń bàjẹ́ jù, màá sì fi Download sí àárín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá múṣé lè fi cake-autorate sórí OpenWrt: ó ń wo ping ní gbogbo ìgbà, ó sì ń gbé nọ́ńbà sókè sódò bí òpó bá ṣe ń kún. Ohun kan náà ló bá àwọn tó ń lo Starlink mu. Bypass mode nínú áàpù Starlink á pa iṣẹ́ ráútà wọn, kí tiyín lè gba ipò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún wọn, ẹ tún un ṣe

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ping yẹn, kí ẹni yẹn tún gbé fídíò kan náà sókè. Bí nọ́ńbà bá wà láàárín 40 sí 70 ms nígbà tí fídíò ń lọ, ẹ ti ṣe é. Ẹ wá máa gbé Upload sókè díẹ̀díẹ̀, bíi 200 kbit/s lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa wo ping. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ padà sí nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ṣe Download bẹ́ẹ̀, ní 500 tàbí 1000 lẹ́ẹ̀kan. Bí ping bá ṣì ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ìdá 75, kódà 70 lórí 4G. Ní alẹ́ ni kí ẹ ṣe èyí.

Bí ìyára bá wálẹ̀ ju nọ́ńbà tí ẹ kọ lọ fíìfíì, ẹ wo ọpọlọ ráútà náà. SQM ń lo CPU, ráútà àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú lè má lè túlà kọjá 50 tàbí 100 Mbps. Lórí fáíbà 20 Mbps, kò ní yọ yín lẹ́nu.

Àwọn ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan

Ẹ pààrọ̀ plan láti 20 sí 50 Mbps, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé 17000 nínú ráútà. 17 Mbps ni ẹ óò máa rí, ẹ óò sì máa bá oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì jà láìnídìí. Tàbí kí dátà ti kọjá ààlà tí wọ́n fi sí plan yín, kí wọ́n ti dín ìyára kù sí 1 Mbps. 4250 kò wúlò fún Upload mọ́ nígbà náà, ìlà ti padà síta. Nígbàkúùgbà tí ìpè bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ kọ́kọ́ pa QoS, ẹ wọn ọ̀nà, kí ẹ fi nọ́ńbà tuntun síbẹ̀.

Kí iná NEPA lọ kó dé kò lè pa ètò yìí rẹ́, bí ẹ bá ti tẹ Save. Ohun tó lè pa á rẹ́ ni firmware tuntun tí wọ́n fi sí i láì tọ́jú ètò àtijọ́, tàbí ẹni tó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset nígbà tí Wi-Fi kò lọ. Lórí OpenWrt, ẹ lọ sí System, Backup / Flash Firmware, ẹ tẹ Generate archive; lórí TP-Link, ẹ wá Backup & Restore lábẹ́ System Tools. Ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà Download àti Upload sórí bébà kékeré kan pẹ̀lú déètì tí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ráútà.